Lẹ́ńsì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ara Rẹ̀ Kì Í Ṣe Ayédèrú

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àṣà lẹ́nu àwọn ayàwòrán òde ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá. Bí ọ̀dọ́ ayàwòrán kan bá yọ lẹ́ńsì rẹ̀ jáde nínú báàgì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i pé Tamron tàbí Sigma ni wọ́n kọ sí i lára, tí kì í ṣe Canon, Nikon tàbí Sony bíi ti kámẹ́rà tó gbé lọ́wọ́, ẹ̀rín ẹlẹ́yà ni wọn yóò kọ́kọ́ fi pàdé rẹ̀. Wọn yóò ní: "Èyí kì í ṣe oríjíná." Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbèsè tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ sí kò fúyẹ́ rárá. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń da owó èsúsú ọdún kan lé orí lẹ́ńsì kan ṣoṣo. Nítorí rẹ̀ ni ẹlòmíràn ṣe ń yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn ayánilówó tí wọ́n máa ń fi orúkọ ajigbèsè ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti oníbàárà rẹ̀ bí ọjọ́ ìsanwó bá fi ẹyọ kan kọjá.

Ó tó gẹ́ẹ́. Irọ́ gbuu ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a pè é ní irọ́.

Kí ni ń jẹ́ ayédèrú? Ayédèrú ni ohun tó jí orúkọ olórúkọ wọ̀. Bàtà tí wọ́n rán ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n wá lu òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá mọ́ lára, ayédèrú ni. Oògùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun lásán pò, tí wọ́n wá dì sínú páálí ilé-iṣẹ́ apoògùn tó lórúkọ, ayédèrú ni. Tamron kò pe ara rẹ̀ ní Nikon rí. Sigma kò pe ara rẹ̀ ní Canon rí. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ara ọjà wọn. Ọdún 1950 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó di Tamron sílẹ̀ ní Japan. Ọdún 1961 ni Michihiro Yamaki dá Sigma sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan náà, Aizu ní agbègbè Fukushima sì ni Sigma ti ń ṣe lẹ́ńsì rẹ̀ títí di òní. Èyí tó tún wá dùn jù ni pé Sony, tó ń ṣe kámẹ́rà tó sì ń ṣe lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, ní ìpín ńlá nínú Tamron. Ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ dójú àmì yóò kó owó rẹ̀ sínú ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ayédèrú? Ohun tí Sony kò tijú láti fi owó rẹ̀ tì lẹ́yìn ni ayàwòrán kan ní Mushin tàbí Mọ́kọ́lá ń tijú láti gbé jáde níwájú oníbàárà.

Lẹ́ńsì tí àríyànjiyàn yìí dá lé jù lọ ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní súùmù gígùn, tó lọ láti mìlímítà 70 dé 200 tàbí 300, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Kò sí ayàwòrán òde tó lè sọ pé òun kò nílò irú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í gbà kí ayàwòrán gun orí pẹpẹ nígbà tí tọkọtaya bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Níbi yìgì, àyè tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún un ni yóò dúró sí. Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa lọ dúró sí abẹ́ pátákò ẹṣin nítorí àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀. Bí ayàwòrán bá dúró ní mítà 10 sí ìyàwó, tí lẹ́ńsì mìlímítà 50 sì wà lẹ́nu kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá, ibi tí àwòrán náà yóò kó wọlé yóò fẹ̀ tó mítà 7.2. Ìyàwó yóò wá dà bí ọmọlangidi láàárín àga, òdòdó àti àwọn àlejò. Bí ó bá yí i sí mìlímítà 200 láì sún kúrò lójú kan, ibi tí àwòrán yóò kó wọlé kò ní fẹ̀ ju mítà 1.8 lọ. Ojú ìyàwó, gèlè rẹ̀ àti omijé tó ń dá wọ́ọ́wọ́ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò hàn kedere. Ìṣirò yìí kò mọ orúkọ. Mìlímítà 200 ti Sigma kò kúrú ju mìlímítà 200 ti Canon lọ, gẹ́gẹ́ bí gàlọ́ọ̀nù epo pupa ìyá kan kò ṣe kéré ju ti ìyá kejì lọ bí òṣùwọ̀n bá dọ́gba.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra gan-an ni owó. Nígbà tí Nikon gbé lẹ́ńsì 70-200 f/2.8 rẹ̀ tó ń lo lẹ́tà FL jáde ní ọdún 2016, nǹkan bí dọ́là 2,800 ni wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà. Canon pe irú tirẹ̀ ti ọdún 2018 ní nǹkan bí dọ́là 2,100. Láàárín àwọn méjèèjì, ní ọdún 2017, Tamron gbé 70-200 f/2.8 tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G2 jáde, dọ́là 1,300 ni wọ́n pè é. Ẹnu kámẹ́rà Nikon àti ti Canon ni wọ́n ṣe é fún. Ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, ó gùn tó tiwọn, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ Sony náà, nǹkan bí dọ́là 2,600 ni wọ́n pe 70-200 f/2.8 àkọ́kọ́ ti GM ní ọdún 2016, ó sì wọn gírámù 1,480. Tamron ṣe 70-180 f/2.8 fún ẹnu kámẹ́rà kan náà ní ọdún 2020, ó pè é ní dọ́là 1,200, kò sì ju gírámù 810 lọ. Lóòótọ́, ó fi mìlímítà 20 kúrú, kò sì ní ẹ̀rọ amúdúró nínú, èyí tí Tamron fi sínú irú rẹ̀ kejì ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà dání láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago mẹ́wàá alẹ́ mọ ohun tí gírámù 670 túmọ̀ sí fún ọrùn ọwọ́.

Ẹ wá gbé àlàfo dọ́là 1,500 tó wà láàárín Nikon àti Tamron yẹn wá sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, kò tíì tó náírà 500 tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Àlàfo kan náà, tí kò tó 750,000 náírà tẹ́lẹ̀, wá di ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì náírà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Owó tí oníbàárà ń san fún ìnáwó kò fò sókè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ra lẹ́ńsì rẹ̀ nígbà tí náírà ṣì ní iyì, tó wá ń fi ọmọ òde òní ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ra irú tòun, ń fi odò tí òun là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn díwọ̀n fún ẹni tó bá a ní àkúnya. Àlàfo owó yẹn lè ra kámẹ́rà kejì tí yóò gba ayàwòrán sílẹ̀ lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ bá kú sí i lọ́wọ́ láàárín ìgbéyàwó. Ó lè ra iná fílásì, bátìrì àti háàdì díìsì tí àwòrán oníbàárà kò fi ní sọnù. Ohun tí Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ ni pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá gbẹ́ ihò erin, òjò ni yóò bá a níbẹ̀.

Àwọn wo ló wá ń jèrè irọ́ yìí? Àkọ́kọ́ ni oníṣòwò tí èrè rẹ̀ ń pọ̀ bí iye ọjà bá ṣe ń pọ̀. Èkejì ni ayàwòrán tó ti náwó tán, tó sì fẹ́ kí ọjà tó rà máa sọ̀rọ̀ fún òun. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Canon máa ń kun ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì gígùn rẹ̀ ní funfun kí ooru oòrùn má baà wọ inú rẹ̀ jù, Nikon a sì máa fi òrùka aláwọ̀ wúrà yí ọrùn tirẹ̀ ká. Oníbàárà tó bá rí lẹ́ńsì funfun lọ́wọ́ ayàwòrán gbà pé ọ̀gá ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun kì í ya àwòrán. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, lẹ́ńsì funfun kọ́ sì ni ayàwòrán gidi. Ní Ojúde Ọba ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn yí ká ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó rí i, tí wọ́n pín in, tí wọ́n fi ṣe àwòkọ aṣọ, mélòó ló béèrè orúkọ tí wọ́n kọ sí ara lẹ́ńsì? Àwòrán ni wọ́n rí, àwòrán ni wọ́n sì yìn.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń sọ, kò sì ní dára kí a fò wọ́n. Wọ́n ní lẹ́ńsì ilé-iṣẹ́ mìíràn lè má bá kámẹ́rà tuntun ṣiṣẹ́ dáadáa. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé kámẹ́rà tuntun jáde tí lẹ́ńsì àtijọ́ sì nílò àtúnṣe sọ́fútúwíà kó tó dá a mọ̀. Nítorí èyí ni Tamron ṣe ṣe ohun èlò tí wọ́n ń pè ní TAP-in fún G2 àti àwọn ojúgbà rẹ̀, tí Sigma náà sì ṣe USB Dock, kí oníṣẹ́ lè so lẹ́ńsì mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó sì ṣe àtúnṣe náà nílé. Wọ́n ní kì í yára tó. Òtítọ́ tún wà níbẹ̀. Lórí kámẹ́rà Sony tó yára jù, lẹ́ńsì ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í lè ju àwòrán 15 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Ìyá ìyàwó wo ló ń jó kíákíá tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹta, wọ́n ní kò ní ìwé ìdánilójú láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ èyí, tòkunbọ̀ ni wọ́n ra lẹ́ńsì oríjíná tiwọn, láìsí ìwé kankan bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á fún wọn.

Bí ó ti wù kó rí, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó má wá sáré lọ ra ohunkóhun tó bá ti pọ́ọ́kú. Olówó pọ́ọ́kú àti èyí tí apá ká kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò kan ti ń rí ọmọlọ́mọ lù ní jìbìtì. Tamron ní lẹ́ńsì méjì tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ni 70-300 f/4-5.6 Di LD Macro. Ìkejì ni SP 70-300 f/4-5.6 Di VC USD, tó jáde ní ọdún 2010. Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà orúkọ náà dópin yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. VC tó wà lára ìkejì ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Òun ni Sigma ń pè ní OS, tí Canon ń pè ní IS, tí Nikon sì ń pè ní VR. Àkọ́kọ́ kò ní in rárá. Ní mìlímítà 300, bí ọwọ́ bá mì díẹ̀, àwòrán yóò ti dàrú, àfi bí ayàwòrán bá lè yà á ní ìdá kan nínú 300 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oòrùn ọ̀sán, ìyẹn ṣeé ṣe. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti pa iná sí ìdajì nítorí ijó, kò ṣeé ṣe.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń kọ mọ́ lẹ́tà f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó. Bí nọ́ḿbà náà bá ṣe ń kéré ni ihò náà ń tóbi. Ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó ń gba f/5.6 wọlé ni f/2.8 ń gbà. Níbi tí oní-f/2.8 ti lè ya àwòrán ní ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú 50 ni oní-f/5.6 yóò bá ara rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń náwó lé alága lórí yóò sì ti di òjìji. VC kò lè gba ẹni yẹn sílẹ̀. Gbígbọ̀n ọwọ́ ayàwòrán ló ń dá dúró, kì í dá oníjó dúró.

Nítorí náà, ohun tí ayàwòrán yóò fi yan lẹ́ńsì ni ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ìta gbangba, níbi ọdún ìbílẹ̀, pápá eré ìdárayá àti ìpolongo ìbò, lè fi Tamron 70-300 tó ní VC jẹun láìsí ìtìjú. Ẹni tí gbọ̀ngàn àti ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ́ kò gbọdọ̀ ra ohun tí kò bá jẹ́ f/2.8, ì báà jẹ́ G2 ti Tamron tàbí 70-200 Sports ti Sigma, tí wọ́n pè ní dọ́là 1,500 nígbà tó jáde. Bí owó kò bá tíì tó, kó háyà rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ títí owó yóò fi pé. Ìyẹn sàn ju kó ra èyí tí yóò já a kulẹ̀ ní òru lọ. Bí tòkunbọ̀ bá sì ni yóò rà, kó tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú dígí rẹ̀ kó wo bóyá èbu ti hù níbẹ̀. Kó gbé e sí ẹnu kámẹ́rà tirẹ̀ gan-an, kó ya àwòrán ní ibi tó gùn jù pẹ̀lú ihò rẹ̀ ní ṣíṣí pátápátá, kó tó ka owó sílẹ̀. Oní-Nikon tó ń lo kámẹ́rà kékeré bíi D3100 tàbí D5300 gbọ́dọ̀ rí i dájú pé mọ́tò wà nínú lẹ́ńsì náà, nítorí kò sí èyí tí yóò yí i nínú kámẹ́rà, ọwọ́ ni yóò sì máa fi wá fókọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò kó tó pẹ́ jù. Lẹ́ńsì kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á. Ọjọ́ tí a ra kámẹ́rà ni a ti yan lẹ́ńsì, nítorí ẹnu kámẹ́rà ni ilẹ̀kùn tí lẹ́ńsì ń gbà wọlé, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Láti ọdún 2011 ni Sony ti fi ìlànà ẹnu E rẹ̀ han àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láì gba owó, ìdí nìyí tí ọjà lẹ́ńsì fi kún dẹ́nu níbẹ̀. Nikon fún Tamron láyè lórí ẹnu Z rẹ̀, 70-300 ni Tamron sì kọ́kọ́ ṣe fún un, ní ọdún 2022. Ní ti Canon, ó gbé ẹnu RF jáde ní ọdún 2018, ó sì tì í pa. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Viltrox ti China dáwọ́ títa lẹ́ńsì RF rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ àrà tí Canon fi kàn án. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Sigma àti Tamron tó kéde lẹ́ńsì tí Canon fọwọ́ sí, ti kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ kékeré nìkan ni wọ́n sì kéde nígbà náà.

Canon ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ẹni tó ń ra kámẹ́rà náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé a ti tì í kó tó sanwó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìdí sì nìyí tí ọlọ́jà fi máa ń bẹ̀rù ọ̀nà kejì. Ọ̀nà wà fún oní-RF náà: ẹnu ìsopọ̀ tí Canon fúnra rẹ̀ ń tà yóò jẹ́ kó lo lẹ́ńsì EF àtijọ́, títí kan ọ̀pọ̀ ti Tamron àti Sigma, kó ṣáà kọ́kọ́ dán an wò. Bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń kúrò lórí kámẹ́rà àtijọ́, àwọn lẹ́ńsì wọ̀nyí ń dé ọjà tòkunbọ̀, iye wọn sì ń wálẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dí lójú kò ní rí wọn.

Ojúṣe àwọn ọ̀gá ayàwòrán ló kù. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ fún ọdún méjì, tó fi bí a ti ń gbé kámẹ́rà hàn án, tí kò kọ́ ọ bí a ti ń ka lẹ́tà orúkọ lẹ́ńsì àti bí a ti ń ṣírò èrè mọ́ gbèsè, ìdajì iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní ìlú kọ̀ọ̀kan máa fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé wọn. Kí oníbàárà náà sì béèrè àwòrán ìnáwó tí ayàwòrán ti ṣe rí kó tó wo àwọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí ọmọ bá ṣí álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò máa wá. Bí ó bá rí i kedere, ayàwòrán ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, orúkọ yòówù tí ì báà wà lára lẹ́ńsì.